Ohùn Sípánà

Òórùn búrẹ́dì ló kọ́kọ́ wọ gáréèjì náà, kí ọkọ̀ tó wọlé, kí ẹni tó wà á tó bọ́ sílẹ̀. Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná ni, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán débi pé àwọn tó ń tú táyà dáwọ́ dúró, wọ́n gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ funfun kan yọ, ó ń húkọ́, èéfín dúdú ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun funfun sì wà lára irun ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀, kò mọ̀.

Ọmọbìnrin kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn yọrí síta. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ tó ń húkọ́ yẹn lòun fẹ́ wò. Irọ́ ni, ìyẹ̀fun yẹn ló ń wò.

"Ẹ káàsán o," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí. Epo tó ń mu ti kọjá ti ọkọ̀, ó ti di ọ̀mùtí."

"Ṣé ilé ọtí lẹ máa ń gbé e lọ ni?" Ọmọbìnrin náà ti dìde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ilé búrẹ́dì ni. Èmi ni mo ni ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ òpópó yìí."

"Mo ti rí i. Ìyẹ̀fun wà lójú yín."

Ó gbọ́wọ́ sókè, ó nu ojú òsì.

"Apá kejì. Rárá, ẹ fi í sílẹ̀, ó yẹ yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò sì nù ún mọ́. Bí mo bá sọ pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, n ò parọ́. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Bàbá ọmọbìnrin yìí ló ni gáréèjì náà. Bàbá Onímú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í ṣe torí pé imú rẹ̀ tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú náà kò kéré. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti máa ń tẹ̀ ba sí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà ọkọ̀, á fa èéfín símú díẹ̀, á sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún wọn, òun ra máṣíìnì tí wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n kò fọkàn tán an délẹ̀. "Máṣíìnì á sọ ẹni tó ń ké fún ọ," ló máa ń sọ. "Imú ló máa sọ bóyá onítọ̀hún ń purọ́."

Ohun tí àdúgbò kò mọ̀ ni pé imú náà ti kú. Àìsàn kan dá bàbá náà dùbúlẹ̀, nígbà tó sì gbádùn, ohun gbogbo padà sípò àfi imú. Ọbẹ̀ á jóná lórí iná, kò ní í mọ̀. Epo ọkọ̀ á dà sí i láṣọ, á wọ̀ ọ́ lọ sórí ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ọmọ rẹ̀ mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dúró síbẹ̀.

Bàbá àti ọmọ wá dọ́gbọ́n kan. Ọmọ á ṣe bí ẹni ń ṣiṣẹ́ nítòsí, á gbọ́ òórùn, á sì fi sípánà kan irin ọkọ̀. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, epo tí kò jó tán ló ń rùn lẹ́yìn. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, èéfín ń jò níwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí kò yẹ kó ti jáde. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ara ọkọ̀ ti yá, kó máa lọ. Bàbá á fa imú bí ìṣe rẹ̀, á mirí, á dájọ́, àwọn oníbàárà á sì máa yìn ín. Kò sẹ́ni tó fura, torí ta ló máa ka ariwo irin sí nínú gáréèjì?

Lọ́jọ́ tí oníbúrẹ́dì wá yìí, máṣíìnì ní sẹ́ńsọ̀ ló ń ké. Ohun kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, wọ́n dè é mọ́ ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa gbóòórùn èéfín náà, kó mọ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ sí, kó sì máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, kọ̀ǹpútà á bu epo sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, á dín epo kù. Ti ọkọ̀ oníbúrẹ́dì ń pariwo ṣáá pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà sì ń da epo sí i láìdáwọ́ dúró, èéfín wá di dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ó ní láti jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan méjì: bóyá sẹ́ńsọ̀ ń purọ́, tàbí ibì kan ti là níwájú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọlé. Bí ibì kan bá là, èéfín á máa jò níbẹ̀, imú á gbọ́ ọ.

Bàbá Onímú bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Sípánà dún lẹ́ẹ̀kan. "Epo tí kò jó tán ni," ló wí. Ó yí lọ síwájú, ó tẹ̀ ba sórí ẹ́ńjìnnì, ó dúró.

Ọmọ rẹ̀ náà tẹ̀ ba lápá kejì. Oníbúrẹ́dì sì wá tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Kí gan-an lẹ ń wá níbẹ̀?" Òórùn búrẹ́dì bo ọmọbìnrin náà mọ́lẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fa imú, búrẹ́dì ló gbọ́. Ó tún un fà, búrẹ́dì náà ni. Ìyẹ̀fun ojú ọ̀tún yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ti gbàgbé pé bàbá òun ń dúró de òun.

Bàbá dúró títí, kò gbọ́ ohùn sípánà kankan. Ó nàró, ó ní, "Sẹ́ńsọ̀ ló ti kú." Wọ́n tú u, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n ju ti àtijọ́ sínú agolo lórí fèrèsé. Oníbúrẹ́dì dúpẹ́, ó wakọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó ní òun wá dúpẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan, kò sì lè sọ ohun tó jẹ́. Nígbà tí àwáwí tán lẹ́nu rẹ̀, ó jókòó sórí àga ọkọ̀ àlòkù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní òun kàn wá ni.

"A dúpẹ́ pé o ti rí òótọ́ sọ," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì jókòó tì í. Ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé níbẹ̀ bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Oníbúrẹ́dì á mú búrẹ́dì wá, ọmọbìnrin náà á bù ú pẹ̀lú ọwọ́ tí gírísì ò kúrò lára rẹ̀ tán, ọkùnrin náà á sì jẹ èyí tí gírísì wà lára rẹ̀.

"Májèlé lò ń jẹ yẹn."

"Ọwọ́ rẹ ló ti wá. Jẹ́ kó pa mí."

"Bó bá pa ọ́, ta ló máa yan búrẹ́dì ọ̀la? Sọ fún mi, báwo lo ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti jiná?"

"Imú ni. Kó tó jiná, ìyẹ̀fun lo máa gbọ́. Bó bá kù díẹ̀, òórùn náà á yí padà lójijì, bí ìgbà tí ẹnì kan tó o fẹ́ràn wọlé. Imú ni mo fi ń jẹun, ẹlẹ́ńjìnnì mi. Bí imú mi bá kú lónìí, mi ò mọ ohun tí mo máa fi ayé mi ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó fẹ́ sọ fún un, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣírí bàbá ẹni kì í ṣe ohun tí a ń fi dá ìfẹ́ lọ́lá, ó gbé e mì.

Ẹ̀rín àwọn méjèèjì máa ń dé inú ọ́fíìsì níbi tí Bàbá Onímú jókòó sí. Ó ń gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ nígbà náà, àmọ́ kò dùn tán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ funfun náà padà wá, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀sán gangan ni, àwọn oníbàárà kún ìta gáréèjì, ọmọbìnrin náà sì ti lọ ra bọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń de irin lẹ́yìn òpópó. Oníbúrẹ́dì bọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ ra iwájú orí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èéfín ti ń wọ inú ọkọ̀ bá mi báyìí. Gbogbo orí ló ń fọ́ mi. Ẹ wá fa imú síbí, ẹ máa gbọ́ ọ."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, kò mọ̀ pé òun ń ti bàbá náà lọ sí etí kòtò. Bàbá Onímú tẹ̀ ba sórí ẹ́ńjìnnì. Ó fa imú. Ó dúró de sípánà, kò sí sípánà. Ó tún fa imú, ó wo ẹnu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Òórùn kankan ò sí níhìn-ín," ló wí níkẹyìn.

Lásìkò yẹn gan-an ni awakọ̀ kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bo imú, ó húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Háà! Bàbá Onímú! Ṣé imú yín lọ kí àwọn ará ilé ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín lásán ni, àmọ́ ojú bàbá náà pọ́n. Oníbúrẹ́dì rí i pé ẹnu ọ̀nà ni bàbá ń wò, ó rántí sípánà tó máa ń dún, ohun gbogbo sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lanu láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

"Gbé ọkọ̀ rẹ lọ," ni Bàbá Onímú wí. "Má gbé e padà wá síbí mọ́. Ìwọ náà, má wá."

Ọmọbìnrin náà ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀tì kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá kò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Mo dúró dè ọ́ nídìí ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "O ò kàn án. Ọjọ́ tó o fojú kan ọmọ yẹn, imú tìrẹ náà kú."

"Mo jẹ̀bi, bàámi. Ẹ má bínú."

"Èmi ò fẹ́ rí i mọ́. Mi ò sì fẹ́ kó o rí i."

Ọmọbìnrin náà wọ yàrá lọ. Ìyá rẹ̀ palẹ̀ àwo mọ́, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, kì í ṣe ọmọkùnrin yẹn lẹ kórìíra. Ẹ̀rù ló ń bà yín pé bó bá mú un lọ, kò ní í sẹ́ni tó máa gbóòórùn fún yín mọ́."

Òótọ́ ni, ẹ̀rù ń ba Bàbá Onímú bí ọmọdé tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló mọ̀, orúkọ yẹn nìkan ló ní.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà lọ sí ilé búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́.

"O dójú ti bàbá mi."

"Mi ò mọ̀ ni."

"Kí lo ò mọ̀?" Ó wò ó tìjàtìjà.

Ọkùnrin náà dáwọ́ dúró. "Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo ti mọ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Omi lé ròrò sí ọmọbìnrin náà lójú. Ó dùn ún pé ọkùnrin náà mọ̀, ó sì tù ú nínú pé kì í ṣe òun nìkan ló ń gbé ẹrù náà mọ́. Ó wá sọ ohun tó bá wá. "Mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò ní í purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ọ tí bàbá mi ò fi tọkàntọkàn gbà, bí ìgbà tí mo yọ imú rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ ni. Má wá mọ́."

Ó jáde. Oníbúrẹ́dì dúró síbẹ̀, kò po ìyẹ̀fun náà mọ́, ó sì le mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ò kúkú dúró síbi kan. Awakọ̀ tó húkọ́ lọ́jọ́sí wá ra búrẹ́dì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó ní, "Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn èèyàn ń sọ pé imú Bàbá Onímú ti kú pátápátá. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Oníbúrẹ́dì ò gbójú sókè nídìí búrẹ́dì tó ń dì. "Èmi ni mo kó búrẹ́dì gbígbóná kún ọkọ̀ lọ bá wọn. Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ dúró sí yìí, kí lẹ ń gbọ́?"

Awakọ̀ fa imú. "Búrẹ́dì."

"Ẹ̀gbin wà lẹ́yìn ilé yìí, ẹ ò gbọ́ ọ. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Bàbá. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún gbogbo wọn."

Awakọ̀ náà bá a sọ ọ́, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ títí ó fi dé etí Bàbá Onímú fúnra rẹ̀. Bàbá gbọ́, ó mọ̀ pé oníbúrẹ́dì ti mọ àṣírí òun, ó sì mọ̀ pé ó ti fi ara rẹ̀ bò ó. Ó jókòó sórí àga àlòkù ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn títí tí oòrùn fi wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó wá pè é wọlé ní, "Èéfín nìwà, bàbá ọmọ mi. Bí èèyàn bá bò ó mọ́lẹ̀, á rú jáde. Ẹ wo èyí tó ń rú lára ọmọ yẹn."

"Mo ti gbọ́," ló wí. Ó mọ̀ pé òun jẹ ọmọ náà ní ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí àgbà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ló wá ọ̀nà náà. Ilẹ̀kùn irin ààrò búrẹ́dì rẹ̀ ti là láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ààrò bá tutù, ó lè ti ọ̀bẹ bọ ojú ibẹ̀. Bó bá ti gbóná, irin á wú, ojú ibẹ̀ á sún mọ́ra, o ò ní í rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín ṣì ń yọ níbẹ̀ díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń dáná, ó ń wo ilẹ̀kùn yìí, ó sì rántí pé láràárọ̀ tóun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀ òun, ẹ́ńjìnnì máa ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́, á sì dákẹ́ bó bá ti gbóná. Gbogbo ìgbà tóun gbé e lọ sí gáréèjì, ó ti gbóná, ó ti dákẹ́. Ó fi ìyẹ̀fun sílẹ̀, ó pe àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Onímú àti ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì ni tí wọ́n rí ọkọ̀ funfun náà tó ń gòkè bọ̀ láìdún. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló ń tì í, òógùn ti pò mọ́ ìyẹ̀fun lójú wọn. Àwọn oníbàárà kan tó tètè dé sáré lọ bá wọn tì í.

"Kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?" ni bàbá bi í. Ó ti gbàgbé pé òun lé e.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá." Oníbúrẹ́dì ń mí gúlegúle, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má wá mọ́. Ẹ dárí jì mí. Mi ò fẹ́ kó gbóná kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ni. Ìgbà tó bá tutù nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀, èmi sì ń gbé e wá fún yín lẹ́yìn tó bá ti dákẹ́. Imú kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá. Etí ni."

Bàbá Onímú wò ó, ó wo ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, bàbá náà na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Gbé rọ́bà gígùn yẹn fún mi."

Ó ti ojú kan rọ́bà náà bọ etí, ó di ojú kejì mú. "Ṣáná sí i."

Tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́. Bàbá dijú. Ó ń fi ẹnu rọ́bà wá ara ẹ́ńjìnnì kiri, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ó kúrò lókè, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dé ìdí irin ẹlẹ́ka tó ń kó èéfín jáde, ó dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ máa rí i kó rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́.

"Ó là níhìn-ín! Ẹ paná!" Ó tú irin pẹlẹbẹ tó bo ibẹ̀, ó tan iná sí i. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára irin náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú fún èéfín. "Ibí ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Sẹ́ńsọ̀ ọjọ́sí ò purọ́! Òótọ́ ló ń sọ, àwa la pè é lókùú."

Wọ́n tú irin náà, wọ́n gbé e fún wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó jó o pọ̀ dáadáa. Ọmọbìnrin náà ha ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, ó fi pépà tuntun tó ń dí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sí i, ó dè é padà. Bàbá fúnra rẹ̀ lọ mú sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ látinú agolo, ó nù ún, ó dá a padà sí ipò rẹ̀, ó sì di tuntun lé oníbúrẹ́dì lọ́wọ́ kó fi pamọ́.

Nídìí omi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ọmọbìnrin náà ní, "O ti ọkọ̀ gòkè tó báyẹn?"

"Kì í ṣe torí ọkọ̀."

"Mo mọ̀." Ó bomi sí i lọ́wọ́. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ fún un bí sípánà ṣe ń sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, torí kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́ fún un.

Ìta gáréèjì ti kún nígbà tí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀ náà. Awakọ̀ ọjọ́sí náà ti dé. Gbogbo wọn ń retí kí Bàbá Onímú lọ sẹ́yìn lọ fa imú bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti mú sípánà dání. Bàbá rìn dé ẹ̀yìn ọkọ̀, kò tẹ̀ ba.

"Ẹ gbọ́," ló wí. "Imú mi ti kú. Láti ìgbà àìsàn yẹn ló ti kú. Ọmọ mi yìí ló ń gbóòórùn fún mi, ẹ̀yin sì ń yìn mí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá mọ́, mi ò bínú."

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ṣé imú yín la máa ń wà lọ síbi iṣẹ́ ni? Ọkọ̀ tó dára là ń bá wá. Tèmi ti wà nílẹ̀ látàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bàbá náà sì bá wọn rín in. Ó yíjú sí oníbúrẹ́dì. "Ìwọ, wá síbí. Tẹ̀ ba. Kí lo gbọ́?"

Oníbúrẹ́dì tẹ̀ ba, ó fa imú, kò kánjú. "Ooru lásán ni, Bàbá. Kò rùn."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ohun tó bá ojú, ó bá imú. Mi ò ní í purọ́ fún yín láéláé." Ó nàró, ó kọjú sí bàbá náà. "Ọmọ yín ni mo fẹ́, Bàbá. Mi ò ní kó fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ibí ló máa ti ṣiṣẹ́, èmi náà á sì máa yà. A ó jọ máa gbóòórùn fún yín."

Bàbá Onímú wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà mirí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá gba sípánà ọwọ́ rẹ̀, ó yí i wò bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

"Mo ti gbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì kàn án. Ó dọjọ́ tí ẹ bá ń lọ."

Ọjọ́ náà pé. Nígbà tí ayẹyẹ parí, tí wọ́n ti fọ ọkọ̀ funfun náà títí ó fi ń dán, oníbúrẹ́dì jókòó sídìí ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òórùn búrẹ́dì kò tíì kúrò nínú rẹ̀, kò sì ní í kúrò. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbéra, bàbá náà gba àárín èrò kọjá pẹ̀lú aṣọ tuntun lára rẹ̀, ó fa sípánà yọ lápò.

Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ba sẹ́yìn ọkọ̀, ó fa imú. Kò gbọ́ nǹkan kan, ó kàn wù ú ni. Lẹ́yìn náà ló wá síwájú, ó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró lókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti inú dígí, ọkọ rẹ̀ náà ò sì tẹ iná. Ìyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, ó fọwọ́ tọ́ ọ lẹ́yìn.

Ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà fún wọn.